Ohun Tó Kọ̀ Láti Dì

Bí èèyàn bá gba àdúgbò Ìlórò kọjá ní Ọ̀wọ̀ láàárọ̀, kò ní pẹ́ kó tó rí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúgbádé. Á ti jókòó sí fàráńdà ilé rẹ̀, ife tíì á wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì ti di okùn bàtà rẹ̀ dáadáa bí ẹni tí ọkọ̀ ibi iṣẹ́ fẹ́ wá gbé. Bẹ́ẹ̀, kò sí ibi iṣẹ́ kankan tó ń retí rẹ̀ mọ́. Ó ti fẹ̀yìn tì. Oyèkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti kú. Tèmídire, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń gbé ní Kánádà, ó sì máa ń pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, rédíò ló máa ń kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀, nígbà mìíràn òun náà a sì máa dá a lóhùn.

Àwọn ará àdúgbò mọ̀ pé prọ̀fẹ́sọ̀ ni, ṣùgbọ́n prọ̀fẹ́sọ̀ kí ni? Ìyẹn ni kò yé wọn. Àwọn kan rò pé dókítà ni, wọ́n á gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wá bá a, á sì ní kí wọ́n tètè máa gbé e lọ sí ọsibítù. Àwọn mìíràn gbọ́ pé ó ń ṣe oògùn, wọ́n sì ń bèèrè ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó ti ṣàlàyé títí ó fi sú u. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ewé, èèpo tàbí gbòǹgbò jáde, kó wo bí ohun náà ṣe tò pọ̀, kó wá máa yí i padà díẹ̀díẹ̀, kó fi nǹkan kún un níhìn-ín, kó yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀ lọ́hùn-ún, títí yóò fi di oògùn tó lè pa àìsàn láìpa ẹni tó lò ó. Èèyàn lè ṣe irú iṣẹ́ yìí dọjọ́ ogbó kí oògùn kan má sì ti ọwọ́ rẹ̀ dé orí káńtà kẹ́míìsì. Bó ṣe rí fún Olúgbádé nìyẹn.

Ute ni wọ́n bí i sí, ní ilẹ̀ Ọ̀sẹ́, láàárín àwọn tó ń dáko kòkó àti ẹ̀gẹ́. Bí ibà bá mú àwọn ọmọ ilé, ìyá rẹ̀ á bó èèpo igi ahùn, á sè é, á sì dúró ti wọn títí wọ́n á fi mu ún tán. Nígbà tí Olúgbádé kò tí ì tó ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ó di ife náà mú, ó ní, "Ìyá, kí ló korò nínú rẹ̀?"

"Àgbo ni."

"Mo mọ̀ pé àgbo ni. Kí ló wà nínú rẹ̀ tó korò?"

"Kíkorò rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Mu ún, jàre!"

Ó mu ún, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbé ìbéèrè yẹn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ọ̀wọ̀, ó gbé e dé yunifásítì, ó sì gbé e dé Skọ́tílándì, níbi tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú nǹkan palẹ̀ tí wọ́n sì ń tún un tò. Nígbà tó padà wálé, yunifásítì kan tó jìnnà sí Ọ̀wọ̀ gbà á síṣẹ́, ó sì fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ bá èèpo igi ahùn kan náà yí.

Ó rí nǹkan nínú rẹ̀. Òun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yọ ohun kan jáde tó ń pa kòkòrò ibà nínú ìgò, wọ́n sì ṣe oríṣiríṣi mìíràn láti ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wo àwọn eku tí ibà ń ṣe sàn. Àwọn ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé e jáde, wọ́n pè é lọ sọ̀rọ̀ ní òkè òkun, orúkọ rẹ̀ sì rìn jìnnà. Ìgbà tí wọ́n ń fún àwọn eku náà ní oògùn yìí fún ọjọ́ gígùn ni wọ́n tó rí i pé ẹ̀dọ̀ wọn ń bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ oògùn yẹn parí síbẹ̀. Olúgbádé kò banújẹ́ lójú ẹnikẹ́ni. Ó fọ àwọn ìgò, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn, èyí náà kò sì débì kan.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, Ọ̀wọ̀ ni Oyèkẹ́ wà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ rẹ̀ máa ń wálé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tó yá, ó di ìparí oṣù. Nígbà tó tún yá, ó di Kérésì àti Àjíǹde. Ní ọjọ́ kan tó dé, ó rí i pé àwo tí wọ́n fi ń ṣe àlejò ni Oyèkẹ́ gbé jáde fún un. Ó jẹun nínú rẹ̀. Nígbà tó wá fẹ̀yìn tì, tó kó ẹrù rẹ̀ wálé pátápátá, Oyèkẹ́ ti lọ. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, gbogbo dúrọ́ọ̀ inú kíṣíìnì ló ṣí kó tó rí ìṣáná.

Ẹni tó ń bá a gbá ilé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni Kúlísúmù, aránṣọ tí ilé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ òpópó kan náà. Opó ni òun pẹ̀lú, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Kì í ṣe pé Olúgbádé bẹ̀ ẹ́. Ummusalamah ọmọ rẹ̀, tí Olúgbádé kọ́ ní yunifásítì, ló pàṣẹ fún un láti Jámánì pé kó máa bá òun yọjú sí Prọ̀fẹ́sọ̀.

Ummusalamah yìí náà ló pè ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí Olúgbádé wà ní fàráńdà.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ ti jẹun, sà?"

"Ìyá rẹ ló ní kí o bi mí."

"Èmi ni mo fẹ́ mọ̀, sà. Ṣé ẹ rántí oògùn tí mo kọ́kọ́ fi èèpo ahùn ṣe lọ́dọ̀ yín?"

"Èyí tí kò pa ẹyọ kòkòrò ibà kan? Mo rántí. O sunkún."

"Mi ò sunkún, sà! Èéfín inú láàbù ló ta mí lójú."

"Èéfín yẹn pẹ́ lójú rẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó sọ ohun tó tìtorí rẹ̀ pè. Oògùn àtọ̀sí ajá ni wọ́n ń wá ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, àìsàn tó ń mú kí àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ lódò máa tọ ẹ̀jẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti fi hàn wọ́n pé ohun tí kò rí ibà pa yẹn lè há mọ́ aràn àtọ̀sí ajá lára bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń há sínú àgádágodo rẹ̀. Wọ́n fẹ́ yẹ àwọn nǹkan kan wò lórí aràn náà ní ìparí oṣù, àyè kan ló sì ṣẹ́ kù. Bí èyí bá kọjá, kò mọ ìgbà tí wọ́n tún máa ṣe irú rẹ̀. Òun kò lè ṣe é níbẹ̀, nítorí àyẹ̀wò nìkan ni wọ́n ń ṣe, igi ahùn kò sì sí nílẹ̀ wọn.

"Díẹ̀ péré ni mo fẹ́, sà. Ìwọ̀n kóró ìrẹsì kan. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́."

Olúgbádé gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ ní yunifásítì nílò fíríísà rẹ̀. Ó to gbogbo ohun inú rẹ̀ sórí tábìlì, ó fi àwọn tó ṣe dáadáa lé ẹ̀ka náà lọ́wọ́. Àwọn tí kò ṣe nǹkan kan, ó kó wọn fún àwọn tó ń sun kẹ́míkà tí a kò lò mọ́. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà pé òun kò fi pàǹtírí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

"Ummu," ó ní, "mo ti sun ún."

"Gbogbo rẹ̀, sà?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Kò burú, sà," ni ọmọbìnrin náà sọ, ní ohùn tí èèyàn fi ń sọ̀rọ̀ sí arúgbó. Ohùn yẹn ló dun Olúgbádé jù.

"Màá tún un ṣe," ó ní. "Di àyè náà mú dè mí."

Ó mọ ohun tó gbà sọ́rùn. Bí kò bá rí i ṣe kí oṣù tó parí, ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó sínú iná yóò lọ bẹ́ẹ̀, bó bá sì jẹ́ pé ó wúlò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Nínú gbogbo ohun tó ṣe láyé, èyí nìkan ni ẹnì kan ṣì ń bèèrè.

Ní ọjọ́ kejì, ó wọkọ̀ lọ sí Ute. Oko bàbá rẹ̀ ti di ti àwọn ìbátan tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n gbé àga fún un, wọ́n sì ń fara balẹ̀ bá a sọ Yorùbá ilé-ẹ̀kọ́ bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi èdè ilé dá wọn lóhùn, àwọn ọmọdé fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sọ ti gbó ju ti àwọn ìyá ńlá wọn lọ. Ó bó èèpo ahùn kún àpò kan, ó sì padà sí Ọ̀wọ̀.

Pólì Ọ̀wọ̀ wà nínú ìsinmi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé. Ọ̀gá ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì gbà kó lo igun kan nínú láàbù, wọ́n sì fà á lé Fàsásì lọ́wọ́, ọkùnrin tó ti ń bójú tó láàbù náà tipẹ́. Fàsásì wo bàbá arúgbó tó gbé àpò èèpo igi wọlé.

"Prọ̀fẹ́sọ̀ pátápátá! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ máa fọ ìgò fúnra yín?"

"Ta ni kó bá mi fọ̀ ọ́?"

"Àwọn lẹ́kíṣọ̀ tiwa kì í fọwọ́ kan sínkì o. Wọ́n ní ó ń bu iyì wọn kù."

"Kí lo máa ń sọ fún wọn?"

"Kí ni mo lè sọ? Mo máa ń fọ̀ ọ́ ni. Ẹ kú ewu ọ̀nà, sà. Kọ́kọ́rọ́ nìyí. Mo máa ń tilẹ̀kùn bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ má jẹ́ kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ yín o."

Olúgbádé sá èèpo náà, ó lọ̀ ọ́, ó rẹ ẹ́ sínú ọtí líle, ó sẹ́ ẹ, ó sì fà á gbẹ títí ó fi ku ohun dúdú kan tó ki. Ó rọ ìyẹ̀fun funfun kan sínú ọ̀pá gíláàsì gígùn kan, ó da ohun dúdú náà lé e lórí, ó sì ń fi omi kẹ́míkà ṣàn án wálẹ̀. Àwọn ohun inú èèpo náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya ara wọn sọ́tọ̀ nínú ọ̀pá náà, ọ̀kan ní àwọ̀ ìyeyè bí epo ẹ̀pà, ọ̀kan pupa, ọ̀kan tí kò láwọ̀ rárá, olúkúlùkù ń bọ̀ wálẹ̀ ní ìrìn tirẹ̀. Èyí tí kò láwọ̀ ni tirẹ̀. Kò gbàgbé ohunkóhun. Ó fi ohun tó yẹ kún un, ó ṣe é ní ooru tó yẹ, nígbà tó sì yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí Ummusalamah ń bèèrè wà níbẹ̀.

Ó kàn jẹ́ pé kò dì.

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé bí ó bá tutù, kó di hóró wẹ́wẹ́ funfun. Bí nǹkan bá ń dì bẹ́ẹ̀, ó máa ń ti ìdọ̀tí kúrò lára, ohun tó bá dì nìkan ni èèyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé pé ó mọ́. Èyí rọra jókòó sínú ìgò, ó ki, ó ń fà bí oyin. Bí a bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́, àyẹ̀wò tí wọ́n bá ṣe lórí rẹ̀ kò ní wúlò, nítorí kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bóyá òun ló pa aràn náà ni àbí ìdọ̀tí inú rẹ̀.

Ó gbé e sínú fíríjì, kò dì. Ó tún un yọ́, ó jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì, kò dì. Ó fi ọ̀pá gíláàsì ha inú ìgò náà títí eyín fi ń kan Fàsásì.

"Prọ̀fẹ́sọ̀, ẹ jọ̀ọ́! Ariwo yẹn ń wọ̀ mí nínú egungun."

"Ó yẹ kó ti dì."

"Bóyá ó fẹ́ sinmi ni. Ẹ̀yin náà ẹ lọ sinmi."

Oṣù ń tán lọ. Olúgbádé kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun mọ́. Ó ń jókòó ti ìgò náà nínú láàbù tó ṣófo, ó sì ń ronú sí ohun tó yàtọ̀. Ní láàbù rẹ̀ àtijọ́, ohun yìí kò yọ ọ́ lẹ́nu rí. Ummusalamah tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lásán gbé e kalẹ̀, ó lọ jẹun, ó sì padà bá a tó ti dì. Kí ló wà níbẹ̀ tí kò sí níbí?

Ìgbà náà ni ó rántí ọ̀gá rẹ̀ ní Skọ́tílándì. Ọkùnrin náà ní irùngbọ̀n tó bo àyà, kì í sì í fọ̀ ọ́ dáadáa. Bí nǹkan bá kọ̀ láti dì fún akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọ̀gá yìí á wá, á na irùngbọ̀n rẹ̀ sórí ìgò náà, á gbọ̀n ọ́n. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n nǹkan náà máa ń dì. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Bí nǹkan kan bá ti dì nínú yàrá kan rí, àwọn hóró rẹ̀ tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ á máa fò nínú eruku yàrá náà, wọ́n á bà sí aṣọ, sí irun, sórí tábìlì. Bí ọ̀kan bá já sínú ìgò, àwọn tó wà nínú omi náà á rí ẹni tí wọ́n á tò tì. Nínú yàrá tí wọn kò ti ṣe é rí, kò sí ẹni tó máa kọ́kọ́ dúró kí àwọn yòókù tó wá bá a. Wọn kò ṣe é rí ní Ọ̀wọ̀.

Olúgbádé fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀ tó fá mọ́lẹ̀. Lójijì, ó rántí kóòtù láàbù rẹ̀. Oyèkẹ́ ló máa ń fọ̀ ọ́ fún un nígbà tó bá wálé. Láti ìgbà tó ti kú, kóòtù náà kò kan omi, bó sì ṣe rí ló ṣe gbé e wálé, tó fi í kọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Gbogbo eruku láàbù náà ló wà lára rẹ̀. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó sì ń sáré rìn lọ sílé bí ọmọdé.

Ní yàrá ẹ̀yìn, kóòtù náà wà lórí ìkọ́ rẹ̀. Ó funfun báláú. Wọ́n ti lọ̀ ọ́ débi tí ọwọ́ rẹ̀ gan gbọnrangandan bí páálí, wọ́n sì ti rán bọ́tìnnì tó ti já tipẹ́ mọ́ ọn.

Kúlísúmù wà ní kíṣíìnì, ó ń ṣí ìkòkò wò. "Bàbá Tèmídire, ẹ ò tún jẹ ìrẹsì àná! Ṣé kí n sọ fún Ummu ni?"

"Màmá Ummu, kóòtù yìí..."

"Áà! Ẹ ti rí i!" Ó jáde, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí aṣọ mẹkáníìkì ló rí tẹ́lẹ̀. Mo ní, odidi prọ̀fẹ́sọ̀! Ọjọ́ tí ẹ lọ sí Ute ni mo rẹ ẹ́. Mo bó o lẹ́ẹ̀mejì, mo fi búlúù sí i, mo wá ta á ní sítáàṣì. Omi tó jáde lára rẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n."

Olúgbádé di apá kóòtù náà mú. Ó ronú kan omi yẹn, ibi tí wọ́n dà á sí lẹ́yìnkùlé, àti gbogbo ohun tó bá a lọ.

"Àbí kò mọ́ tó?" Kúlísúmù bèèrè. Ojú rẹ̀ ti fẹ́ fà ro.

"Ó mọ́," Olúgbádé dáhùn. "Ó mọ́ gan-an. Ẹ ṣeun."

"Ẹ wọ̀ ọ́ ká wò ó nígbà yẹn."

Ó wọ̀ ọ́. Kúlísúmù yí i ká, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi ìka méjì tún kọ́là rẹ̀ ṣe lọ́rùn. Olúgbádé dúró jẹ́ẹ́. Láti ìgbà tí Oyèkẹ́ ti kú, kò sí ẹni tó tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Kò sọ fún un ohun tí omi yẹn gbé lọ, kò sì sọ fún Ummusalamah pẹ̀lú nígbà tó pè láti bèèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó kàn ní, "Ó ń ṣe agídí díẹ̀. Mo ń lọ bá a wá ẹbí rẹ̀."

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì, ó ti wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí yunifásítì rẹ̀ àtijọ́. Oòrùn ti gun òkè kó tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá tó ti fi ọdún gbogbo ṣiṣẹ́. Wọ́n ti yí i padà. Tábìlì iṣẹ́ ti lọ, sínkì ti lọ, táìlì wà nílẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun kun ògiri, kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì tò kún ibẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Ṣèyíọlá dìde fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ta ni ẹ ń wá, sà?"

"Mi ò wá ẹnì kan. Olúgbádé ni mí. Mo ti lo yàrá yìí rí."

Ṣèyíọlá rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń fẹ́ rántí. Orúkọ náà kò sọ nǹkan kan fún un. "Ẹ jókòó, sà. Ṣé kí n bá yín wá omi tútù?"

Olúgbádé wo yàrá náà yí ká. Wọ́n ti pààrọ̀ fèrèsé. Wọ́n ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn. Ó gbójú sókè, ó rí fáànù, fáànù àtijọ́ tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́, tó yí lórí òun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti ọdún yìí dé ọdún mìíràn. Wọ́n ti kun ìsàlẹ̀ apá rẹ̀ ní ọ̀dà. Kò sí akunlé tó ń nu òkè fáànù kó tó kùn ún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa fáànù yín. Mo fẹ́ nu orí rẹ̀."

"Sà?"

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wo ara wọn. Ẹnì kan ní, "Bàbá wá tún fáànù ṣe ni?" Ẹ̀rín sọ.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín gùn ún, sà," ni Ṣèyíọlá sọ.

"Rárá. Ọwọ́ mi ni mo fẹ́ fi mú un."

Wọ́n gbé àga sórí tábìlì. Olúgbádé bọ́ bàtà, ó gùn ún, Ṣèyíọlá sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú bí ẹni di àkàbà mú. Eruku orí apá fáànù náà nípọn, ó dúdú, ó rọ̀ bí òwú. Olúgbádé fi bébà mímọ́ ha á, ó ká a mọ́ra, ó fi sínú àpò àyà. Nígbà tó wo ìsàlẹ̀ láti òkè yẹn, ó rí ibi tí tábìlì rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ẹnì kan sì jókòó síbẹ̀, ẹ̀rọ orin há sí etí rẹ̀, kò gbójú sókè rárá.

"Kí lẹ fẹ́ fi eruku ṣe, sà?" Ṣèyíọlá bèèrè nígbà tó sọ̀ kalẹ̀.

"Bí mo bá sọ fún yín, ẹ ó pe sìkiọ́rítì."

Ṣèyíọlá rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn, ó sì sìn ín dé ẹnu géètì. Kò tún bi í ní orúkọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, nínú láàbù Pólì, Olúgbádé fi orí abẹ́rẹ́ bu eruku náà, èyí tó kéré jù tí abẹ́rẹ́ lè gbé, ó sì gbọ̀n ọ́n sínú ìgò. Ó bò ó. Ó jókòó. Títí ìrọ̀lẹ́, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Fàsásì dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó wò ó, kò sì sọ̀rọ̀ àwàdà kankan lọ́jọ́ náà. Olúgbádé fi ìgò náà sílẹ̀, ó lọ sílé. Ó ronú pé ọ̀la ni òun máa sọ fún ọmọ náà pé kó fi àyè náà fún ẹlòmíràn.

Nígbà tó wọlé láàárọ̀, oòrùn ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń tàn sórí tábìlì. Ó gbé ìgò náà sókè láìretí ohunkóhun. Láti ibi tí eruku náà bà sí, àwọn hóró funfun tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ti ta kiri gbogbo ìsàlẹ̀ ìgò, wọ́n fara ti ara wọn, wọ́n ń dán. Bó ṣe dì í mú yẹn, ó ń rí àwọn tó kù tí wọ́n ń yọ lójú rẹ̀ kòrókòró.

Ní láàbù rẹ̀ àtijọ́, àṣà wọn ni pé ẹni tí nǹkan bá dì fún á ké é síta, gbogbo àwọn tó wà ní yàrá tó sún mọ́ wọn á sì sáré wá wò ó, wọ́n á máa ti ara wọn. Ẹnu Olúgbádé ti ké é kó tó mọ̀.

"Ó ti dì o!"

Ohùn rẹ̀ lọ kan ògiri láàbù tó ṣófo, ó sì padà wá bá a. Ó dúró, ó ń tẹ́tí. Kò sí ìró ẹsẹ̀ kankan lọ́ọ̀dẹ̀. Ó tún un sọ, lóhùn kékeré, fún ara rẹ̀. "Ó ti dì."

Ó pe Ummusalamah, fóònù rẹ̀ dún títí, kò gbé e. Ó rántí pé ó ti máa wà lẹ́nu iṣẹ́ nírú àkókò yìí. Ó gbé fóònù náà sílẹ̀.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí gbàgà, Fàsásì sì já wọlé, ó gbé ike omi lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Prọ̀fẹ́sọ̀! Níbo ni iná náà wà?"

"Kò sí iná."

"Èmi tí mo wà ní ẹnu géètì, mo gbọ́ igbe!"

"Èmi ni mo ké. Wá wò ó."

Fàsásì gbé ike omi kalẹ̀, ó súnmọ́ tòsí, ó tẹ̀ wo inú ìgò náà. Ó wò ó pẹ́. "Iyọ̀ ni àbí?"

"Ó jọ iyọ̀."

"Ó máa wo àìsàn?"

"Mi ò mọ̀. Ó lè má wo nǹkan kan. Òun ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò."

"Gbogbo wàhálà yìí, ẹ ò mọ̀?"

"Iṣẹ́ náà nìyẹn," ni Olúgbádé sọ. "Màá sẹ́ ẹ, màá yọ́ ọ, màá jẹ́ kó tún dì kí eruku má bàa wà nínú rẹ̀. Ìgbà yìí, kò ní nílò ẹnikẹ́ni mọ́. Bó bá di ọ̀la, a ó fi ránṣẹ́."

Fàsásì kò lọ. Ó tún tẹ̀ wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ibi tí oòrùn ti ń wọ inú rẹ̀. "Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí," ó ní, "kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Àbí ojú mi ni?"

"Kì í ṣe ojú rẹ. Ó ń dì lọ́wọ́ ni."

"Háà." Fàsásì nawọ́ sẹ́yìn láìgbójú kúrò, ó ń wá àga. "Ẹ sún sọ́hùn-ún díẹ̀, Prọ̀fẹ́sọ̀. Ẹ ń dí mi lójú."